Ààlè Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ̀rù kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ohun tí Oyèrónkẹ́ rí ní ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Bí kò bá jẹ́ pé gíláàsì tó fi ń kàwé yọ̀ bọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí ni, bóyá ọdún ìbá yí kí ó tó mọ̀ pé òun àti nǹkan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Ó na ọwọ́ láti mú gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ bá ohun kan tó tutù, tó le, tó sì dà bí ẹni pé ó nírun.

Ó fà á jáde. Ìkarahun ìgbín kékeré ni. Wọ́n ki ṣúkù àgbàdo gbígbẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu tirun-tirun, wọ́n fi àkísà búlúù wé e, wọ́n sì fi òwú dúdú dì í ní kókó méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bí ìkúùkù ọmọ tuntun.

Oyèrónkẹ́ kì í ṣe ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń já láyà. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní sáyẹ́ǹsì, kí ó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé. Kò níye ìgbà tí ó dúró níwájú pátákó tí ó sọ pé ohun tí èèyàn kò bá lè dán wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó rí ìdáhùn kan náà, kò yẹ kí èèyàn fi ayé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó sì mọ ààlè dáadáa. Bàbá rẹ̀, olóògbé Awódélé, kò ní igi obì kan lóko tí kò so ààlè mọ́. Ṣùgbọ́n gbangba ni ààlè ń gbé. A ń gbé e kọ́ kí olè lè rí i, kí ó sì yà. Ta ló ń fi ààlè pamọ́? Ìkìlọ̀ tí a bá fi pamọ́ kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́, ohun mìíràn ni.

Ìgbà tí ó gbé àkísà náà sún mọ́ fèrèsé ni ọkàn rẹ̀ já. Ṣẹ́ẹ̀tì Ọláwọlé ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ akẹ́rù pa lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni àpótí aṣọ Ọláwọlé sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: Dámisọ́lá, opó rẹ̀, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ ti Oyèrónkẹ́ nínú ilé kan náà.

Ó gbé nǹkan náà lọ sí ilé ìdáná, ó ta kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná. Bí iná ti ń jẹ òwú náà, ó gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mofìyìnfólúwa ni, ọmọ Ọláwọlé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nínú aṣọ ilé ìwé, tí omi ń kán tó-tó-tó láti ìka rẹ̀.

“Mofìyìn, o ti dé? Ta ló ní kí o wá dúró síbẹ̀ bí iwin?”

Iná ni ọmọ náà ń wò. Ètè rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ti ẹni tó ń ka nǹkan. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ré ẹnu ọ̀nà kọjá, ó padà, ó tún ré e kọjá, ó tún padà, ó ré e kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì lọ.

*

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ ni ó ti ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ó ń pẹ́ dé ilé ìwé nítorí pé kò lè jáde láìfọwọ́ kan gbogbo òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá fo ọ̀kan, yóò padà bẹ̀rẹ̀ láti òpó àkọ́kọ́. Oyèrónkẹ́ ti ní àlàyé tirẹ̀ fún un: ìyá rẹ̀ ló ń fi ọmọ náà ṣe nǹkan. Ní ọ̀sán tí ó rí ìkarahun yẹn, àlàyé náà di ẹ̀rí lójú rẹ̀.

Ìjà tó wà láàárín àwọn obìnrin méjèèjì kò fara sin. Dámisọ́lá fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Oyèrónkẹ́, tí ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kò dúró títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò rí ẹlòmíràn tó kù tó ń jẹ́ orúkọ Awódélé nínú ilé náà ju Mofìyìn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Dámisọ́lá ti ọjà dé, ó sọ agbọ̀n obì kalẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀.

“Ìyàwó, ṣé obì tà?”

“Ó tà díẹ̀, Àǹtí. Àwọn oníbàárà Sábó kò wá tó ti àná.”

“Ó dáa. Aṣọ Ọláwọlé ńkọ́? Ṣé kòkòrò kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́?”

Dámisọ́lá gbójú sókè. “Kòkòrò wo ló ń jẹ aṣọ inú àpótí tí a tì, Àǹtí, àfi èyí tó bá mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà?”

“Ta lò ń bá wí?”

“Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tíṣà lẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀.” Ó ṣí ewé orí agbọ̀n, ó ń gbọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, bí ẹni tó ń wá àkekèé. “Bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá ti parí, mo ń kó ọmọ mi lọ.”

“Ọmọ tìrẹ nìkan?”

“Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn tó rọbí rẹ̀.”

Oyèrónkẹ́ wọlé, ó sì tilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Irú ìtìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ burú ju kí èèyàn fi ilẹ̀kùn pa ariwo lọ.

*

Ní Ọjọ́bọ, Oyèrónkẹ́ bọ́ báàjì ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kúrò ní àyà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ògíjó. Mọ́ṣúdù ni orúkọ ẹni tí wọ́n júwe fún un. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí, yóò bọ́ ìbọ̀wọ́ iná, yóò sì jókòó lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn tó ń wá a kì í ti í wo ojú ara wọn. Èéfín ti bo oòrùn débi pé ọ̀sán jọ ìrọ̀lẹ́.

“Màmá, ojú yín jọ ojú tíṣà,” ni Mọ́ṣúdù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí. Mi ò mọ ìsọdipúpọ̀ títí di òní.”

Oyèrónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé ohun tí ó rí. Nígbà tí ó fẹ́ dárúkọ Dámisọ́lá, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ pa orúkọ mọ́ra. Oògùn tèmi kì í gba orúkọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń gbà. Ẹni tó bá fi nǹkan yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí yín ni yóò wá lọ.” Ó bu ẹ̀tù dúdú sínú bébà, ẹ̀tù tó wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, tó ń dán bí ìpẹ́ ejò. “Ọ̀sán gangan mẹ́ta ni. Ẹ fi sí ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sí i. Ẹnu ẹni náà yóò dì. Kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní sọ̀rọ̀, títí yóò fi jẹ́wọ́.”

“Bí kò bá rí ẹni náà ńkọ́?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Mọ́ṣúdù. “Ohun tí a bá rán níṣẹ́ kì í sùn síta, Màmá. Bí kò bá rí ẹni tí ẹ rán an sí, ẹ̀yin tí ẹ rán an ni yóò padà wá bá. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara yín sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, kò ní jí.”

Nínú ọkọ̀, Oyèrónkẹ́ bá ara rẹ̀ ro ó bí ó ti máa ń ro ìṣirò. Bí ẹ̀tù yìí bá jẹ́ ìdọ̀tí irin lásán, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ó bá sì jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlẹ́bi nìkan ni yóò mú. Nítorí náà, kò sí aláìṣẹ̀ tí yóò jìyà. Àríyànjiyàn náà dán, ó gún régé. Ihò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò sì rí i.

*

Ní ọ̀sán Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó da ẹ̀tù náà bí ẹni ń fa ìlà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ẹni tó fi nǹkan sábẹ́ ìrọ̀rí mi, dì í lẹ́nu. Kí ó má jẹ, kí ó má mu, kí ó má sọ̀rọ̀. Bí o kò bá rí i, èmi Oyèrónkẹ́ tí mo rán ọ ni kí o padà wá bá.” Ohùn rẹ̀ yà á lẹ́nu, nítorí pé ó dùn létí ara rẹ̀.

Adìyẹ aládùúgbò kan tó ń jẹ̀ bọ̀ dé ibi ìlà náà, ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì fẹ̀yìn rìn padà.

Ní Sátidé, lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Dámisọ́lá lẹ́bàá igi ọsàn. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́lẹ̀. Ohun kan dán lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kó erùpẹ̀ bò ó. Dámisọ́lá dìde, ó gbọn orúnkún, ó sì gbójú sí fèrèsé náà gan-an. Àwọn méjèèjì wo ara wọn láìmi. Oyèrónkẹ́ ló kọ́kọ́ fa kọ́tìnì.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọ̀sán Àìkú, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́, síbẹ̀ kọ́tìnì yàrá ìgbàlejò mì. Bí ó ti pe orúkọ ara rẹ̀ tán, ó gbọ́ ìró kékeré kan nínú ilé, kọ̀, bí ìgbà tí eyín òkè bá pàdé eyín ìsàlẹ̀.

Wọ́n jókòó jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ojú Dámisọ́lá ni Oyèrónkẹ́ ń wò, ó ń retí kí ṣíbí rẹ̀ dúró lágbedeméjì. Dámisọ́lá jẹ, ó lá ṣíbí, ó tún bu. Oyèrónkẹ́ gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a bá rán níṣẹ́ kì í sùn síta. Ó fi ahọ́n kan ètè ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣí.

“Mofìyìn, jẹun,” ni Dámisọ́lá wí.

Ọmọ náà jókòó gbọnrangandan. Ó ti fi ètè kan pa èkejì mọ́lẹ̀ débi pé ibẹ̀ funfun.

“Mofìyìnfólúwa! Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

Ó mi orí. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kọjá, ẹnu náà kò sì là.

*

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi mọ́, ètè rẹ̀ ti sán. Kò jẹ, kò mu, kò sọ̀rọ̀. Dámisọ́lá gbìyànjú láti gbé e jáde lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà rọ̀ mọ́ òpó pẹ̀lú agbára tí kò yẹ kí ó wà lára ẹni tó ti gbàwẹ̀ ọjọ́ méjì. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti wo ilẹ̀ tí ó rí ìlà dúdú náà. Igbe rẹ̀ ló pe àwọn aládùúgbò, àwọn aládùúgbò ló sì pe Bàbá Ọmọ́túndé, olórí ẹbí.

Ọkùnrin arúgbó náà fi ọ̀pá tọ́ ẹ̀tù náà, ó sì wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀. “Ta ló da èyí?”

Oyèrónkẹ́ wo bàtà rẹ̀.

“Ó dáa. Ẹni yòówù kó dà á, mo mọ iṣẹ́ tí ó rán an. Ẹ ò rí i? Oògùn ti mú olóògùn. Kì í ṣe òní ni ọmọ yìí ti ń ka òpó, tó ń fọ ọwọ́ bí ẹni tó pààyàn. Ẹ bi í bóyá òun kọ́ ló mọ ohun tó pa bàbá rẹ̀.”

“Bàbá!” Dámisọ́lá dì mọ́ ọmọ rẹ̀. “Ọmọdé ni!”

“Àwọn ọmọdé náà ni wọ́n ń lò báyìí. Ibì kan wà nínú igbó, lẹ́yìn odò, tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú irú wọn. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àbà igi títí yóò fi jẹ́wọ́. Lọ́sàn-án ọ̀la, màá mú ọkọ̀ wá.”

Oyèrónkẹ́ kàn ní láti sọ pé, èmi ni. Ahọ́n rẹ̀ kò gbéra.

Ó wọ yàrá, ó sì pe Ọdúnayọ̀ lórí fóònù. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí ó ti kọ́ ní ilé ìwé ni. Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn ni ó sì ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù.

“Màmá, ọjọ́ méjì láìmu omi? Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e wá.”

“Kò gbà kí a gbé òun ré ẹnu ọ̀nà kọjá.”

“Ṣé ó máa ń ka nǹkan? Ṣé ó máa ń tún nǹkan kan náà ṣe lemọ́lemọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló sọ fún ọ?”

“Ṣé ó ní ohun tí ó ń kó pamọ́, bóyá tí ó ń dì, tàbí tí ó ń tò? Ẹ wá a wò, Màmá, kí a lè mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù, ẹ má sì jó o.”

Oyèrónkẹ́ fi fóònù náà sílẹ̀ bí ẹni tí iná rẹ̀ jó.

*

Páálí bàtà ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Ìkarahun ìgbín wà nínú rẹ̀, ṣúkù àgbàdo, òwú dúdú, àti ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí wọ́n ti gé apá rẹ̀ méjèèjì. Ààlè mẹ́rin tí a ti dì tán wà ní igun kan. Oyèrónkẹ́ gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó wo kókó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ó ṣe yẹ kí onísáyẹ́ǹsì wo nǹkan.

Òsì ni kókó náà yí sí.

Ó jókòó sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ já bọ́ lórí igi obì nígbà tí Oyèrónkẹ́ ṣì wà nílé ìwé gíga. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń so gbogbo ààlè rẹ̀, Mofìyìn kékeré a sì máa bá a di ìdí òwú mú. “Bàbá, kí ni ààlè ń ṣe?” “Ibi tí ààlè bá wà, olè kì í dé ibẹ̀.” Gbogbo Rẹ́mọ ni a ti lè rí ààlè, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń so ó báyìí. Bí Oyèrónkẹ́ bá ti wo ohun tí ó jó lẹ́ẹ̀mejì ni, ìbá ti mọ̀.

Mofìyìn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó láìṣẹ́jú. Oyèrónkẹ́ kò bi í ní nǹkan kan. Ó mú ìkarahun kan, ó ki ṣúkù bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún dì í. Kókó kìíní dẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí èkejì dẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà yí ojú sí ògiri, ó tún yí i padà. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹta, kò lè gbà á mọ́: ó na ọwọ́ gbígbẹ náà, ó gba òwú, ó tú gbogbo rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì so ó, fìn-ín-fìn-ín.

“Ìwọ lo so èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.”

Ó mi orí sókè sódò. Oyèrónkẹ́ fún un ní ìwé àti bírò. Lẹ́tà rẹ̀ gún régé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ.

*Mi ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ tí Dádì jáde.*

Lẹ́yìn náà: *Mo so ti Mọ́mì sínú agbọ̀n. Mo so tiyín. Ẹ jó tiyín.*

“Mofìyìn, kí ló dé tí o ò la ẹnu?”

Ọmọ náà tún gbé bírò.

*Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Bí kò bá rí mi, yóò padà wá bá yín. Mo jẹ́ kí ó rí mi.*

*

Aago méjìlá kù díẹ̀ ní ọjọ́ kejì nígbà tí fèrè ọkọ̀ Bàbá Ọmọ́túndé dún lójú ọ̀nà. Láti àárọ̀ ni Oyèrónkẹ́ ti ń bẹ ọmọ náà. Ó ti ṣàlàyé irin fún un, ó ti ṣàlàyé èéfín, ó ti sọ pé ìdọ̀tí lásán ni. Ọmọ náà ń mi orí. Ọrùn rẹ̀ kò fẹ́ gbé orí náà mọ́. Àlàyé kò lè ṣe é. Ẹ̀rù kì í fetí sí àlàyé, ohun tí èèyàn bá ṣe ni ó ń wò.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Dámisọ́lá ti dábùú ẹnu ọ̀nà láti dènà àwọn tó ń bọ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin níwájú aya àbúrò rẹ̀.

“Èmi ni mo da ẹ̀tù yìí, Dámisọ́lá. Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ pa mí. Ọmọ wa ló so ààlè sábẹ́ ìrọ̀rí mi kí ikú má baà jí mi gbé, bí ó ti so tìrẹ.”

Dámisọ́lá wò ó títí. Kò bú u. Ó sáré lọ sídìí igi ọsàn, ó fi èékánná gbẹ́lẹ̀, ó sì padà pẹ̀lú àgádágodo tuntun kan tí erùpẹ̀ bò.

“Ẹnu yín ni mo tì sínú rẹ̀, Àǹtí. Èyí tí mo bá nínú agbọ̀n obì mi, mo rò pé ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀.” Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ náà há, ó fi agbára yí i, ó ṣí. “Àwa méjì ń wá ẹnu ara wa, ẹnu ọmọ la wá rí tì.”

“Ẹ yà lọ́nà,” ni Bàbá Ọmọ́túndé wí. Ọkùnrin méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú okùn.

“Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀.” Ohùn tó ti pa kíláàsì ọgọ́ta ọmọ lẹ́nu mọ́ ni Oyèrónkẹ́ fi sọ ọ́, olórí ẹbí sì dúró. “Dámisọ́lá, gbé ọmọ náà wá kí ó rí mi. Bu omi ife méjì wá.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni wà ní orí rẹ̀, gbogbo ohun tí Mọ́ṣúdù sọ sì wà ní ikùn rẹ̀, ikùn ló sì ń borí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán gbá ẹ̀tù náà jọ. Ó tutù, ní ọ̀sán gangan. Ó gbé e sókè kí ọmọ náà lè rí i.

“Èmi Oyèrónkẹ́ ni mo rán ọ. Ẹni tí mo rán ọ sí kò ṣe ibi kankan. Fi í sílẹ̀. Èmi ni kí o wá bá.”

Ó da á sínú ihò tí àgádágodo ti jáde, ó bo erùpẹ̀ lé e, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gba ife omi. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Fún ìwọ̀n ìgbà tí kò lè mọ bí ó ti gùn tó, ẹnu rẹ̀ kò là. Ojú Mofìyìn fẹ̀. Oyèrónkẹ́ fi etí ife tẹ ètè ara rẹ̀ títí ó fi yà, omi wọlé, ó sì gbé e mì.

“Mo ṣì wà,” ni ó wí.

Ìka ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọkùnrin tó di okùn mú gbé ẹsẹ̀, Bàbá Ọmọ́túndé sì fi ọ̀pá dá a dúró. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà.

Ní èje, Mofìyìn na ọwọ́ sí ife kejì. Nígbà tí ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kékeré jáde níbi tó ti sán, omi sì wọlé. Dámisọ́lá bú sẹ́kún. Wọ́n gbé ọmọ náà ré ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ tí olórí ẹbí mú wá fún ọ̀nà mìíràn, Oyèrónkẹ́ sì sọ fún awakọ̀ pé Ṣàgámù ni.

*

“Àìsàn ni, Màmá, bí ibà ti jẹ́ àìsàn,” ni Ọdúnayọ̀ sọ fún wọn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, bí omi ti ń kán wọ iṣan ọmọ náà. “Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe tiyín. Èrò kan á wọlé láìpè é, pé ẹnì kan fẹ́ kú. Ọmọ á wá rò pé òun gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan kí ikú náà lè yà. Bí ó bá ti ṣe é, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ni ìdẹ. Oògùn wà, ẹ̀kọ́ sì wà, a ó jọ kọ́ ọ. Ẹ má bá a so ó, ẹ má jó o mọ́ ọn lójú. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi máa fi ọ̀kan sílẹ̀ láìso, kí òun fúnra rẹ̀ rí i pé ẹni náà kò kú.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Dámisọ́lá kò kó lọ sí Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbádùn ná. Ní oṣù àkọ́kọ́, Mofìyìn fi òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbọ̀n fún ìdajì wákàtí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó yọ ti inú agbọ̀n obì, ìyá rẹ̀ sì lọ sọ́jà, ó sì bọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan péré ló kù, èyí tí ó tún so lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé.

“Tiyín ló kù, Màmá Tíṣà,” ni ó wí ní ọ̀sán kan. “Mo ti tú u láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi?”

“Ẹ̀rù ń ba èmi,” ni ọmọ náà wí. “Nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kó máa bà mí.”

Ó jáde. Oyèrónkẹ́ gbé ìrọ̀rí sókè. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé láti ọjọ́ tí òun ti fi àtẹ́lẹwọ́ kó ẹ̀tù yẹn, ẹnu òun máa ń gbẹ bí oòrùn bá ti kan àtàrí. Pé ìkarahun kékeré tó wà lábẹ́ orí òun ni òun fi ń rí oorun ọ̀sán sùn. Ohun tí a bá rán níṣẹ́ kì í sùn síta. Ibo ló sùn sí? Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti mú òwú láti inú àpò ìránṣọ láìmọ̀, ó ti ń wé e mọ́ ìka, sí òsì.

Lóde, ẹsẹ̀ Mofìyìn ré ẹnu ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Oyèrónkẹ́ dúró, ó ń retí ẹ̀ẹ̀kejì. Ó dúró títí. Kò gbọ́ ọ.

Ó tú òwú náà kúrò níka, ó jù ú sílẹ̀, ó sì gbé orí lé ìrọ̀rí náà.